Kọ́kọ́rọ́ Mi Lọ́wọ́ Màmá Túndé

Ẹ yin Olúwa!

Rárá o, ohùn yẹn kéré. Ẹni tó ti sùn lórí táìlì tútù nínú ọ̀gìnnìtìn oṣù kẹfà ní Joburg kò lè gba irú Halelúyà jẹ́jẹ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí òrùlé gbọ́. Ẹ yin Olúwa! Ẹ tún un pè! Ẹ ṣeun. Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí.

Èmi ni Màmá Bọ́lá. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni màmá onígèlè tó máa ń jókòó ní ìlà kejì lápá òsì, tó máa ń ní kí àwọn ọmọdé dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, Bọ́lájí, ẹnjiníà ni, ó ń gbé ní Fourways pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi nìkan ló wà nínú ilé wa ní Rosettenville, èmi àti àwọn òdòdó tí mo gbìn sínú ike.

Pásítọ̀ ní kí n má kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Pásítọ̀, ẹ dákun, ẹ má wo aago. Ohun tí Olúwa fi wákàtí mẹ́fà ṣe, mi ò lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ ọ́.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí, ìtìjú wà nínú rẹ̀. Mo lè fo ibẹ̀, kí n kàn ní mo ṣubú, Ọlọ́run yọ mí, ẹ bá mi dúpẹ́, kí n lọ jókòó. Ṣùgbọ́n bí mo bá fò ó, mo ti jí lára ògo Ọlọ́run nìyẹn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: èmi àti Màmá Túndé.

Gbogbo yín lẹ mọ Màmá Túndé. Àwọn nìyẹn tí wọ́n ń fi ìwé bojú yẹn. Màmá Túndé, ẹ gbé ìwé yẹn kúrò lójú, kò sí ibi tí ẹ máa sá sí lónìí! Ìṣirò ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Opó ni wọ́n bíi tèmi, àwọn náà sì ń dá gbé, nínú fúláàtì kan ní Newtown. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún ni wá. Ọ̀rẹ́ náà dé ibi pé mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi, ti géètì àti ti ilẹ̀kùn, pé kí wọ́n bá mi tọ́jú rẹ̀. Ẹ mọ bí ilé ṣe rí nílùú yìí: irin lójú fèrèsé, irin lẹ́nu ọ̀nà, irin lórí irin. Ẹni tó bá ti ara rẹ̀ mọ́lé tí kò lè ṣí i fúnra rẹ̀, àfi kí wọ́n lọ pe wẹ́dà.

Àwọn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwa ìyá tó ń dá gbé sílẹ̀ lórí Wásáàpù. Ọdún tí ìyá kan nínú wa kú sínú ilé rẹ̀, tí a kò mọ̀ títí di ọjọ́ kẹta, ni wọ́n dá a sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí aago mẹ́fà àárọ̀ bá ti lù, Màmá Túndé á kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ jí ire?" Oníkálukú á dáhùn pé: "Mo jí ire o." Ẹni tí kò bá dáhùn títí aago méje, wọ́n á pè é. Bí kò bá gbé fóònù, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ. Ìyá méjìdínlógún ni wá.

Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n mi ò kì í dáhùn lásán. Bí mo bá ti ní mo jí ire, màá fi àdúrà gígùn tẹ̀lé e, màá fi fídíò tẹ̀lé àdúrà, màá wá fi èyí tó ní "fi ránṣẹ́ sí ènìyàn méjìlá kí oòrùn tó wọ̀" dé e lórí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń mi orí níbẹ̀ yẹn, mo gbà, mo jẹ̀bi.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá. Mo ti fi fídíò mẹ́sàn-án ránṣẹ́ kí n tó mu tíì. Bí mo ṣe máa wo fóònù, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ gbàràgàdà: Màmá Túndé ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Yọ mí! Bí ẹní yọ eyín! Èmi tí mo dúró tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ wọn! Ìṣẹ́jú kan kò pé, fóònù tún ní wọ́n ti dá mi padà. Mo ní háà, èmi ni wọ́n fẹ́ máa fi ṣeré? Mo bá jáde fúnra mi. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀marùn-ún, mi ò gbé e. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bá ara wa yan odì.

Oṣù méje! Nínú ilé Ọlọ́run yìí! Bí wọ́n bá jókòó lápá ọ̀tún, èmi á lọ sápá òsì. Bí Pásítọ̀ bá ní kí kálukú bọ ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́, ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ àga. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jù wọ́n lọ. Mo ní òun ló kéré, òun ló yẹ kó wá kúnlẹ̀. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́? "Òun." "Ó." Nínú ọkàn mi, mi ò bọ̀wọ̀ fún wọn mọ́. Mo tiẹ̀ rán dákónì kan sí wọn pé kí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ mi padà. Wọ́n ní kí n wá gbà á fúnra mi. Mo ní ó dáa, kó máa fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn.

Ẹnu dákẹ́, ṣùgbọ́n fóònù kò dákẹ́. Ẹ mọ sítátọ́ọ̀sì, ibi tí ènìyàn ń fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ sí lórí Wásáàpù kí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ̀ lè rí i. Fóònù á sì sọ ẹni tó ti wò ó fún ọ. Láràárọ̀, bí mo bá ti gbàdúrà tán, màá we gèlè, màá ya àwòrán ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó mi, màá kọ òwe kan sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ níwájú pẹpẹ, òwe náà kì í ṣe fún gbogbo ayé. Ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí. Bí mo bá kọ ọ́ pé "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," Màmá Túndé á wò ó. Àwọn gan-an ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò ó! Kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù, orúkọ wọn ti wà níbẹ̀. Wákàtí kan kò ní pé, wọ́n á gbé tiwọn jáde, àwòrán ife tíì kan báyìí, pẹ̀lú "Àgbà tí kò bá bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀."

Inú á bí mi! Màá wá òwe tí yóò ju ìyẹn lọ fún ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Bí mi ò bá tíì rí orúkọ wọn lára àwọn tó wo tèmi, mi ò ní lè jẹun. Màá máa yẹ fóònù wò ṣáá títí orúkọ náà á fi jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á dàgbà.

Ẹ ní Bọ́lájí ọmọ mi ń kọ́? Ọmọ dáadáa ni, mi ò gbọ́dọ̀ parọ́ mọ́ ọn. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè mí. Ohunkóhun tí mo bá fi ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, àwòrán àtàǹpàkò kan ló fi ń dá mi lóhùn. Ó ti bẹ̀ mí títí pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Mo ní mi ò lọ. Níbẹ̀, kí ẹnì kan tó lè wá kí ọ, àwọn ọlọ́dẹ ẹnu géètì á kọ́kọ́ pè ọ́ bíi pé mínísítà ló ń bọ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ra bọ́tìnnì pàjáwìrì kan fún mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa so ó mọ́ ọrùn. Bí nǹkan bá ṣe yín, ẹ tẹ̀ ẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ á dé." Mo gbà á, mo ṣàdúrà fún un, mo sì fi bọ́tìnnì kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó bá ibẹ̀ mu.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà tó kọjá yìí. Wọ́n ti ní omi máa dá ní àdúgbò wa, mo sì ti gbọn omi sínú bákẹ́ẹ̀tì, mo tò wọ́n sí ilé ìdáná. Mi ò mọ̀ pé ọ̀kan ń jò. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà àárọ̀ lù, mo lọ gbé omi tíì kaná. Mi ò tíì we gèlè, mi ò tíì ya àwòrán. Ẹsẹ̀ mi bọ́ sínú omi tó ti ṣàn sórí táìlì. Yọ̀ọ̀! Gbì!

Mo fi ìbàdí gúnlẹ̀. Mo gbọ́ ọ nígbà tó dún. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀yin ará. Mo ti tọ́jú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá àgbà tó ṣubú báyìí. Mo mọ àwọn tó rìn padà sílé, mo sì mọ àwọn tí kò rìn padà. Mo ní kí n dìde, ara kọ̀. Mo ní kí n wọ́ ara mi, ìrora náà gbé mi lọ, mo tún padà dé.

Fóònù mi wà ní yàrá, ó ń gba iná. Bọ́tìnnì Bọ́lájí wà lórí ìṣó. Mò ń wò ó láti ilẹ̀, òun náà ń wò mí. Bí mo bá dúró ni, ọwọ́ lásán ni màá nà, ọwọ́ mi á bà á. Níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí yẹn, ì bá kúkú wà ní Èkó. Mo kígbe. Aládùúgbò mi, Gogo Thandi, màmá àgbà tó máa ń bá mi gbe orin láti ẹ̀yìn ògiri, ti lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábúlé. Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí aago ara ògiri lu mẹ́fà. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, Màmá Túndé ń kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ jí ire?" Ìyá kọ̀ọ̀kan ń dáhùn. Aago méje máa lù, wọ́n á pe ẹni tí kò dáhùn, kò sì ní sí ẹni tó máa ní Màmá Bọ́lá dà, nítorí èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi jáde. Mo sunkún, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe ìrora ló pa mí lẹ́kún. Mo rántí ìyá tí a kò mọ̀ títí di ọjọ́ kẹta. Bọ́lájí kò ní pè mí títí di ọjọ́ Àìkú. Mo fi ìka mi ka ọjọ́ tó wà láàárín, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta. Ìka kò tán, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀mí mi máa tán.

Òtútù! Omi ti rin aṣọ mi, eyín mi ń lu ara wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, eyín náà dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ìyẹn gan-an ló burú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin kí n má baà sùn lọ. Orin tán lẹ́nu mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú. Mo ní, "Olúwa, bí O bá yọ mí, mi ò ní fi fídíò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́." Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ṣì ń gbìyànjú láti mú un ṣẹ.

Ó ti tó aago mẹ́wàá kí n tó gbọ́ ọ láti yàrá: Kékéréékèéé!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí èmi àti Màmá Túndé ṣì ń ṣọ̀rẹ́, ọmọ-ọmọ mi bá mi fi ohùn àkùkọ sí nọ́ńbà wọn, nítorí pé àwọn ni wọ́n máa ń jí mi. Kò sí ẹlòmíràn tó ní ohùn yẹn lórí fóònù mi. Oṣù méje ni àkùkọ náà kò ti kọ.

Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo kọ́kọ́ sọ? Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti fẹ́ wá bẹ̀bẹ̀!" Lórí ilẹ̀ o! Pẹ̀lú ìbàdí tó ti ṣẹ́! Ẹ wo agídí ọmọ ènìyàn! Lẹ́yìn náà ni ojú mi là, tí mo figbe ta: "Màmá Túndé! Mo wà níbí o!" Àfi bíi pé fóònù máa gbé ara rẹ̀! Àkùkọ kọ, ó dákẹ́. Ó tún kọ, ó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Iye ìgbà tí mi ò gbé tiwọn nínú oṣù kọkànlá náà nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mo ní ó parí, ó ti sú wọn. Mo di ojú mi.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run wà ní Newtown! Ẹ bá mi pariwo rẹ̀! Ọlọ́run wà ní Newtown!

Bí Màmá Túndé ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí. Wọ́n yẹ sítátọ́ọ̀sì mi wò ní aago mẹ́fà ààbọ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n ní bóyá gèlè ló ń ṣòro we. Aago méje, kò sí. Aago mẹ́jọ, kò sí. Fóònù ní alẹ́ àná ni mo ṣí Wásáàpù gbẹ̀yìn. Wọ́n ní wọ́n sọ fún ara wọn pé, "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Ẹni tó jáde fúnra rẹ̀." Wọ́n po tíì, wọn kò lè mu ún. Wọ́n ní nínú oṣù méje, kò sí àárọ̀ kan tí mi ò sọ òkò lu àwọn, àti pé òkò tí kò wá lọ́jọ́ yẹn ló dẹ́rù bà wọ́n.

Wọ́n bá pè mí. Nígbà tí mi ò gbé e lẹ́ẹ̀karùn-ún, wọ́n fi kóòtù bo aṣọ ilé, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ọ̀tún dúdú, òsì búráùn. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mi nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n wọ takisí, bọ́ọ̀sì funfun kékeré tí gbogbo wa ń wọ̀ yìí. Wọ́n ní kí awakọ̀ dákun sáré.

Awakọ̀ ní, "Gogo, what is the problem?"

Wọ́n ní, "My son, my sister did not post this morning."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá Súlú kan tó jókòó lẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín. Ó bi wọ́n pé, "She stays alone?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá náà pariwo sí awakọ̀: "Hamba, driver! Go!" Awakọ̀ ní, "Eish," ó sì tẹná mọ́ ọkọ̀. Láti ibẹ̀, ẹni tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀ ní kí ó máa lọ, òun á padà wá. Àfi róbọ́ọ̀tì, iná ojú pópó, tó bá pọ́n ló ń dá wọn dúró. Awakọ̀ náà yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó gbé wọn dé ẹnu géètì mi. Takisí Joburg o! Ó yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ nítorí ẹnì kan ṣoṣo! Bí ìyẹn kì í bá ṣe iṣẹ́ ìyanu, kí ẹnì kan sọ èyí tó jẹ́ fún mi.

Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú géètì. Mo rò pé àlá ni. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Màmá Bọ́lá! Màmá Bọ́lá! Ẹ dá mi lóhùn! Mi ò bá yín jà mọ́!"

Ohùn tó kù lọ́rùn mi kò tó nǹkan. Mo fi í dáhùn pé, "Ta ló ń bá yín jà?"

Nígbà tí wọ́n rí mi, èdè Ìjẹ̀ṣà, èdè ilé wọn, nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n fi bò mí. Wọ́n fẹ́ gbé mi, mo ní kí wọ́n má gbé mi, ìbàdí ni. Wọ́n pe áńbúláǹsì. Ẹni tó gbé fóònù ní kí wọ́n má gbé mi kúrò níbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ara mi móoru, kí wọ́n má sì jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀yin ará, ẹ wo Màmá Túndé dáadáa. Ìyá yìí, tí kì í jókòó sórí àga ìjọ láìnu ún, dùbúlẹ̀ sínú omi lórí táìlì, wọ́n dì mọ́ mi.

Wọ́n ní, "Ẹ má sùn. Òwe wo lẹ fẹ́ fi bú mi lónìí? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Mo ní, "Mo ti gbàgbé."

Wọ́n ní, "Ẹ rántí rẹ̀. Mo ti ń dúró dè é láti àárọ̀." Wọ́n bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún, a sunkún títí áńbúláǹsì fi dé.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe Bọ́lájí. Wọ́n ní, "Bọ́lájí, ṣé o rí sítátọ́ọ̀sì ìyá ẹ láàárọ̀ yìí?"

Ọmọ mi ní, "Ah, Aunty, I muted it long ago."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìyá ẹ ń lọ ọsibítù. Máa bọ̀."

Ní ọsibítù, dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin kan yẹ̀ mí wò. Ó ní egungun ìbàdí ti ṣẹ́, ṣùgbọ́n yóò ṣeé tò. Ó ní òtútù tó wọ̀ mí lára ni òun kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ó ní, "Gogo, bí ẹ bá lo wákàtí méjì sí i lórí ilẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ á ti yàtọ̀. Ta ló rí yín?"

Mo ní, "Ọ̀tá mi ni."

Ó wo Màmá Túndé, ó wo bàtà dúdú, ó wo bàtà búráùn. Ó ní, "Kí Ọlọ́run fún èmi náà nírú ọ̀tá báyìí." Mo ní àmín. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe àmín!

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ó yọrí sí rere. Ògo ni fún Ọlọ́run! Bọ́lájí jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Ọkùnrin tó ń kọ́ afárá, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ẹ kàn ń fi àwọn nǹkan yẹn dí mi lọ́wọ́ láràárọ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀ ń sọ fún mi pé ẹ ṣì wà láàyè." Èmi gan-an kò mọ̀ pé ohun tí mò ń sọ nìyẹn, àfi ìgbà tó sọ ọ́. Ó ní tí mo bá ti kúrò níbí, Fourways ló kàn. Màmá Túndé ní, "Bọ́lájí, fi ìyá ẹ sílẹ̀. Wọ́n á tún lọ máa bá géètì yan odì." Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n wá bá mi gbé ní Rosettenville fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, títí mo fi lè dá rìn.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ èyí tó dùn jù. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, "Màmá Túndé, kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ fi yọ mí lójú gbogbo ènìyàn?"

Wọ́n ní, "Yọ yín kẹ̀? Ta ló fẹ́ yọ yín? Mo fẹ́ sọ yín di admin ni! Mo fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, mo fẹ́ kí ẹ máa bá mi pe àwọn ìyá láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lórí ara wọn nínú fóònù, ojú mi kò sì ríran dáadáa. Ìka mi tẹ èyí tí kì í ṣe òun. Mo dá yín padà kíá, ẹ jáde. Mo pè yín, ẹ ò gbé e. Inú wá bí èmi náà. Mo ní ẹni tí mo fẹ́ fi joyè, ṣé èmi náà ni màá tún máa bẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Iṣẹ́ abẹ ojú náà ń kọ́?"

Wọ́n ní, "Mo ti ṣe é."

"Ta ló bá yín lọ?"

"Mo dá lọ ni."

Ẹ̀yin ará, mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún gbogbo ayé. Ọ̀rẹ́ mi bo ojú, wọ́n dá wọ takisí padà sílé, èmi sì wà ní Rosettenville tí mò ń fi gèlè sọ òkò sí wọn. Ìyẹn dùn mí ju ìbàdí lọ. Mo tọrọ àforíjì lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, èmi àgbà. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ kúnlẹ̀, egungun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò.

Ẹ wá wò mí lónìí! Dókítà ní ọ̀pá méjì títí oṣù mẹ́ta. Oṣù kejì rèé, ọ̀pá kan ló wà lọ́wọ́ mi, ẹ sì rí bí mo ṣe fi í jó wá síwájú! Olúwa, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ takisí tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, àti ìyá tó ní "hamba" yẹn. Kí àwọn tiwọn náà má ṣubú síbi tí ojú kò tó.

Èmi náà ti di admin báyìí. Ìka mi ti yọ ìyá méjì lásìṣe. Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé e, wọ́n gbọ́n jù mí lọ.

Ìwọ tó ń dá gbé, tó ń rò pé kò sí ẹni tó ń wò ọ́, dákun, máa jẹ́ kí a rí ọ láràárọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti pa ohùn ìyá yín dé lórí fóònù, ẹ ṣí i nísinsìnyí, ẹ má dúró di ìgbà tí a bá ka oore-ọ̀fẹ́ parí ìsìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹnì kan yan odì nínú ìjọ yìí, mi ò ní pe orúkọ, mò ń rí yín láti ibí. Ẹ pè é. Bí òun ló bá pè, ẹ gbé e. Ọlọ́run tó yọ mí lórí táìlì kò ní fi yín sílẹ̀ síbi tí ẹ wà.

Màmá Túndé, ẹ dìde. Ẹ gbé e sókè kí gbogbo ìjọ rí i. Ẹ wò ó, kọ́kọ́rọ́ ilé mi nìyẹn, ti géètì àti ti ilẹ̀kùn. Tiwọn náà rèé lọ́rùn mi, òun àti bọ́tìnnì Bọ́lájí ni mo so pọ̀. Mo rán dákónì sí yín lọ́jọ́sí pé kí ẹ dá tèmi padà. Lójú Ọlọ́run àti ènìyàn, mo gba ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹ má dá a padà o!

Ẹ yin Olúwa!